1,438: bí mo ṣe fi assembly ka lẹ́tà inú fáìlì Ẹ̀gbọ́n

Ẹ̀gbọ́n mi ń gé lẹ́tà ní Arákàlẹ̀, níbí ní Àkúrẹ́. Bí ẹ bá rí orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ilé-ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ yọ síta lára ògiri, tí kì í ṣe ọ̀dà ni wọ́n fi kọ ọ́, irú iṣẹ́ ọwọ́ wọn nìyẹn. Iye lẹ́tà ni wọ́n fi ń díye lé e. Lóṣù tó kọjá, ìjọ kan kó orúkọ ènìyàn 96 wá, àwọn tó dáwó kọ́ gbọ̀ngàn wọn. Wọ́n ní kí ó gé gbogbo orúkọ náà mọ́ ògiri kan, pẹ̀lú àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣi orúkọ baba ẹlòmíràn pè. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́, nítorí kì í ṣe gbogbo oníbàárà ló ń bèèrè fún àmì.

Ẹ̀gbọ́n kì í gba owó àmì. Èérún pákó ló fi ń gé e. Lẹ́tà nìkan ló ń gbowó lé, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá di àríyànjiyàn. Ó fi ọwọ́ ka àwọn orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì: nígbà àkọ́kọ́ ó rí 1,431, nígbà kejì ó rí 1,440. Ó gbé fáìlì náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ní 1,742. Ó bá pè mí.

"Àbúrò, mi ò fẹ́ gba owó lẹ́tà tí n kò gé, mi ò sì fẹ́ gé lẹ́tà tí n kò gbowó rẹ̀. Èwo ni ká mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan."

Ìlà Python (èdè tí a fi ń kọ ètò) mélòó kan lè ka fáìlì yìí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú irinṣẹ́ tó ti fún Ẹ̀gbọ́n ní nọ́ńbà ló ti pinnu fúnra rẹ̀ ohun tí ń jẹ́ lẹ́tà kó tó kà á, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ rí báìtì náà (nọ́ńbà láti 0 dé 255 tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀) bó ṣe ń ti ọwọ́ kernel, ọ̀gá ètò tó ń ṣàkóso ẹ̀rọ, bọ́ sílẹ̀, kí ó tó kan ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ assembly, èdè ètò tó sún mọ́ èdè ẹ̀rọ pẹ́kípẹ́kí, ní alaalẹ́. Mo ń wá iṣẹ́ gidi tí màá fi dán an wò.

Ohun tí mo lò

Laptop àtijọ́ kan tó ní Debian (irú Linux kan) lórí, ẹ̀rọ 64-bit. NASM ni mo fi ń tú kóòdù sí èdè ẹ̀rọ, ld ni mo fi ń so ó pọ̀, strace àti gdb (tó ń jẹ́ kí n wo inú ètò bó ṣe ń ṣiṣẹ́) sì ni ojú mi. Bí ẹ ò bá ní ju irinṣẹ́ kan lọ láti fi kún NASM àti ld, ẹ jẹ́ kó jẹ́ strace. Gbogbo ìpè tí ètò yín bá pe kernel ni yóò tò sílẹ̀, pẹ̀lú èsì tí kernel fún un.

```
nasm -f elf64 ka.asm -o ka.o
ld ka.o -o ka
strace ./ka oruko.txt
```

Fún ẹni tí kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí: ètò kankan kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ kan dísìkì. Bí àlejò kò ṣe lè wọlé tọ Kábíyèsí láìgba ọ̀dọ̀ ẹmẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ètò ṣe gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ kernel. Nọ́ńbà ohun tí o ń bèèrè lọ sínú rax (ọ̀kan nínú àwọn ààyè kékeré inú ẹ̀rọ tí à ń pè ní register), ẹrù àkọ́kọ́ sínú rdi, ìkejì sínú rsi, ìkẹta sínú rdx, lẹ́yìn náà ni o ó pàṣẹ `syscall`. Èsì yóò padà sínú rax. Lórí Linux 64-bit, 0 ni read, 1 ni write, 2 ni open, 3 ni close, 60 ni exit. Nọ́ńbà márùn-ún yìí tó fún gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe.

Alẹ́ àkọ́kọ́: fáìlì kọ̀, kò ṣí

Ìwé ìrántí tí mo ti kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ pípẹ́ ni mo ṣí. Ó ní 5 ni open, 3 ni read, 4 ni write. Òótọ́ ni, àmọ́ ti 32-bit ni, èyí tí wọ́n ń fi `int 0x80` pè, tí ẹrù rẹ̀ sì ń wọ ebx, ecx àti edx. Mo mú nọ́ńbà ti ibẹ̀, mo fi `syscall` ti ibí pè é. Ètò náà kò pariwo, kò sì ṣe nǹkan kan. Strace ló tú àṣírí: kò sí open rárá nínú ohun tó tò sílẹ̀, fstat, tó ń bèèrè ìròyìn nípa fáìlì, ló wà níbẹ̀, nítorí fstat ni 5 lórí 64-bit. Fstat ń retí nọ́ńbà fáìlì tó ti ṣí. Èmi fún un ní àdírẹ́sì orúkọ fáìlì. Kernel dá -9 padà, EBADF, ìyẹn ni pé kò sí fáìlì tó ń jẹ́ nọ́ńbà yẹn.

Mo yí 5 sí 2. Ó tún kọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí -2 ni, ENOENT: kò sí irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Fáìlì náà sì wà lójú mi nínú fódà! Mo tún wo strace, mo rí i pé orúkọ tí mo fún kernel ni `oruko.txtAsise\n`. Mo ti kọ ọ́ báyìí:

```
section .data
oruko   db "oruko.txt"
oro     db "Asise", 10
```

Kernel kò mọ ibi tí orúkọ parí àfi tó bá rí báìtì òdo. N kò fi òdo sí i, ló bá kà á lọ kan ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. `"oruko.txt", 0` ló yẹ. Nígbà tó yá mo yọ orúkọ kúrò nínú kóòdù, mo ń gbà á láti orí ìlà àṣẹ: nígbà tí ètò bá bẹ̀rẹ̀, iye ọ̀rọ̀ orí ìlà wà ní `[rsp]`, orúkọ ètò fúnra rẹ̀ ni `[rsp+8]` ń tọ́ka sí, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ni `[rsp+16]`. Kernel fúnra rẹ̀ ló ń to ìyẹn, ó sì máa ń fi òdo sí ìparí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

```
_start:
    cmp qword [rsp], 2
    jl  asise
    mov rdi, [rsp+16]
    xor esi, esi        ; kíkà nìkan
    xor edx, edx
    mov eax, 2          ; open
    syscall
    test rax, rax
    js  asise
    mov r13, rax        ; nọ́ńbà fáìlì
```

Nọ́ńbà tí mo gbà padà ni 3. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rí, torí 0, 1 àti 2 ti wà nílẹ̀ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀: ohun tó ń wọlé, ohun tó ń jáde, àti ibi tí a ń kọ àṣìṣe sí.

Iná lọ ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án, bátìrì laptop mi kò sì lè dúró. Mo lọ sùn.

Kóńgò kò ní kó kún

Apá yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń kà fara balẹ̀ sí jù lọ.

```
ka:
    xor eax, eax        ; read
    mov edi, r13d
    mov rsi, apo
    mov edx, 512
    syscall
    test rax, rax
    js  asise
    jz  tan
```

`apo` ni ààyè báìtì 512 tí mo yà sọ́tọ̀ ní `.bss` pẹ̀lú `apo resb 512`. Ohun tó yé mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé read yóò fún mi ní báìtì 512. Kò rí bẹ́ẹ̀. 512 yẹn dà bí kóńgò tí mo gbé síwájú oní-gàárì. Ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ kọjá ni. Kò sí ẹni tó ṣèlérí pé yóò kún. Iye tó wọ inú rẹ̀ gan-an ni rax ń sọ. Bí rax bá jẹ́ òdo, fáìlì ti tán. Bó bá wà láàárín -1 àti -4095, àṣìṣe ni, nọ́ńbà náà ló sì ń sọ irú àṣìṣe tí í ṣe. Èyíkéyìí tó bá ju òdo lọ ni iye báìtì tó wọlé, ìyẹn nìkan sì ni tìrẹ. Ohun tó kù nínú àpò kì í ṣe tìrẹ.

Mo kọ́ ọ bí ọmọdé ṣe ń kọ́ iná. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà, mo kọ́kọ́ kọ ètò tó kàn ń gbé fáìlì jáde sójú ìwòran, kí n lè rí i pé kíkà náà dára. Mo fi 512 sínú rdx fún write pẹ̀lú. Orúkọ 96 jáde, ṣùgbọ́n wọn kò dúró síbẹ̀: àwọn orúkọ tí mo ti rí lókè tún jáde nísàlẹ̀, èyí àkọ́kọ́ nínú wọn gé láàárín. Fáìlì náà jẹ́ báìtì 2,614. Ìgbà márùn-ún ni kóńgò kún, ìyẹn 2,560. Ẹlẹ́ẹ̀kẹfà gba 54 péré. Báìtì 458 tó kù nísàlẹ̀ àpò jẹ́ ti ìwọ̀n karùn-ún, kò sẹ́ni tó gbọ̀n ọ́n dànù. Mo gbé rax sínú rdx kí n tó pe write, ọ̀rọ̀ náà sì tán.

Bí mo bá fún ẹnìkan ní ètò yìí kà, tí n kò rí `test rax, rax` lẹ́yìn gbogbo read, n kò ní kà á dé ìsàlẹ̀. Láti ara fáìlì orí dísìkì, kóńgò sábà máa ń kún. Bó bá jẹ́ bọ́tìnì ni ènìyàn ń tẹ̀, tàbí tí ètò mìíràn ló ń da báìtì sí i, ó lè mú 7 wá nígbà tí o bèèrè 512, kò sì ní jẹ́ àṣìṣe.

Fáìlì mẹ́ta, nọ́ńbà kan

Ọjọ́rú ni mo bẹ̀rẹ̀ kíkà gan-an. Mo ń tọ́jú iye lẹ́tà sínú rcx, torí pé ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti mọ́. Èsì: 4,198,467. Lẹ́tà mílíọ̀nù mẹ́rin nínú fáìlì tí kò tó báìtì ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Mo fún un ní fáìlì tó ní orúkọ kan ṣoṣo. 4,198,467. Mo fún un ní fáìlì òfìfo. 4,198,467.

Mo jókòó, mo ń wò ó. Nọ́ńbà tí kò yí padà bí fáìlì ṣe ń yí padà, kò lè wá láti inú fáìlì. Mo sọ ọ́ di hex (kíkà oní-mẹ́rìndínlógún, tí 0x máa ń ṣáájú): 0x401043. Ẹni tó bá ti lo gdb rí yóò dá irú nọ́ńbà yìí mọ̀. Lórí ẹ̀rọ mi, 0x401000 ni kóòdù mi ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ìrántí. Àdírẹ́sì ìlà kan nínú ètò mi fúnra rẹ̀ ni mo ń tẹ̀ jáde, ìlà tó tẹ̀ lé `syscall` gẹ́lẹ́.

Ìdí rẹ̀ nìyí: nígbà tí ẹ̀rọ bá ṣe `syscall`, ó gbọ́dọ̀ rántí ibi tí yóò padà sí. Inú rcx ló ń fi àdírẹ́sì yẹn sí, ó sì ń fi àwọn àmì ipò ẹ̀rọ sínú r11. Ohunkóhun tí o ti fi síbẹ̀ ṣáájú ti lọ. Kì í ṣe àìdára kernel; bí wọ́n ṣe ṣe ẹ̀rọ náà nìyẹn. Rax náà ń yí padà nítorí èsì. Àwọn yòókù, kernel ń dá wọn padà bó ṣe bá wọn. Mo kó iye lẹ́tà lọ sínú r12, nọ́ńbà fáìlì ti wà ní r13, láti ìgbà náà n kò tún gbàgbé. Rcx dára fún kíka báìtì láàárín read kan sí òmíràn, níwọ̀n ìgbà tí o kò bá retí pé yóò la `syscall` kọjá.

Lẹ́tà kan, báìtì mélòó?

Ní UTF-8, ọ̀nà tí a fi ń sọ lẹ́tà di báìtì, tí Ken Thompson àti Rob Pike gbé kalẹ̀ ní 1992, lẹ́tà tí kò ní àmì gba báìtì kan. À gba méjì: C3 80 (hex ni mo fi ń kọ báìtì láti ibí lọ). Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ gba mẹ́ta mẹ́ta: E1 BA B9, E1 BB 8D, E1 B9 A3. Kò sí ẹ̀yà kan ṣoṣo tó kó ẹ àti àmì ohùn pọ̀, nítorí náà ẹ́ jẹ́ ẹ tó gbé àmì lé orí, CC 81, gbogbo rẹ̀ di báìtì márùn-ún. Àkúrẹ́, lẹ́tà márùn-ún lójú Ẹ̀gbọ́n, jẹ́ báìtì 11 lójú read. Kọ̀ǹpútà ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé yóò pè é ní 6, torí ó ń ka àmì orí ẹ́ sọ́tọ̀. Ó tún ń ka àlàfo àti ìparí ìlà. Ibẹ̀ ni 1,742 ti wá.

Ọ̀nà tí mo kọ́kọ́ gbà: bí mo bá rí C3 tàbí báìtì mìíràn tó ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà báìtì méjì, mo ka ọ̀kan, mo fo báìtì méjì; bí mo bá rí E1, mo ka ọ̀kan, mo fo mẹ́ta; CC, mo fo méjì láìkà; E2, tí kì í ṣe lẹ́tà, mo fo mẹ́ta láìkà; àlàfo àti ìparí ìlà, mo fo ọ̀kan; ohunkóhun mìíràn, mo ka ọ̀kan, mo lọ. Ètò náà kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, "Segmentation fault", ìyẹn ni pé ó fọwọ́ kan ìrántí tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo ti fi `jne` (bí kò bá dọ́gba) yẹ̀ wò bóyá mo ti dé òpin àpò, bẹ́ẹ̀ fífò mẹ́ta lè gbé mi kọjá òpin láìfẹsẹ̀ kàn án. Mo yí i sí `jae` (bó bá dọ́gba tàbí tó jù ú lọ). Ó ṣiṣẹ́. Ó ní 1,440.

Mo pe Ẹ̀gbọ́n lórí fóònù. Ó ní, "Ṣé o rí i? Ohun tí mo kà lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn!" Inú wa dùn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa laptop dé.

Ohun kan ni kò jẹ́ kí n pa á dé: n kò tíì yí ìwọ̀n kóńgò padà wò. Iye gàárì inú àpò kò gbọdọ̀ yí padà nítorí pé a pààrọ̀ kóńgò. Mo sọ 512 di 500: 1,438. Mo sọ ọ́ di 100: 1,449.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú fáìlì yẹn, ẹ kan wà tí E1 rẹ̀ bọ́ sí ipò ìkẹyìn nínú àpò, tí BA àti B9 rẹ̀ sì wọ inú read tó tẹ̀ lé e. Mo ka E1 gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà, mo fò kọjá òpin, mo lọ kún àpò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tó dúró dè mí níwájú ni BA àti B9, tí wọn kò ní olórí mọ́. Mo ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí "ohunkóhun mìíràn". Lẹ́tà méjì lórí asán. Kernel kò mọ̀ pé mo ń ka Yorùbá. Báìtì ló ń fi fúnni, ibi tí kóńgò bá sì ti kún ló ń gé e, ì báà jẹ́ àárín lẹ́tà. Pé 1,440 bá ti Ẹ̀gbọ́n mu, èèṣì lásán ni.

Mo lè tọ́jú báìtì tó ṣẹ́kù láti inú àpò kan sí èkejì. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kóòdù náà ń gùn, ó ń burẹ́wà. Ìgbà náà ni mo wá wo báìtì wọ̀nyí dáadáa. Nínú UTF-8, báìtì tó ń tẹ̀ lé olórí máa ń wà láàárín 80 àti BF. Kò sí olórí kan tó wà níbẹ̀, kò sì sí lẹ́tà lásán kan tó wà níbẹ̀. Nítorí náà n kò nílò láti fo ohunkóhun. Báìtì kọ̀ọ̀kan lè sọ fúnra rẹ̀ bóyá òun ni ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, láìwo aládùúgbò rẹ̀. CC ńkọ́? Gbogbo ohun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CC láti 80 dé BF jẹ́ àmì tó ń gun ẹlòmíràn tàbí tó ń dúró lábẹ́ rẹ̀. Òdo ni.

Mo pa gbogbo `cmp` (àṣẹ àfiwé) inú kíkà náà rẹ́, mo ṣe tábìlì tó ní ààyè 256, ọ̀kan fún báìtì kọ̀ọ̀kan: 1 bó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, òdo bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀:

```
tabili:
    times 65 db 0
    times 26 db 1       ; A dé Z
    times 6  db 0
    times 26 db 1       ; a dé z
    times 72 db 0
    db 1                ; C3
    times 29 db 0
    db 1                ; E1
    times 30 db 0
```

Kíkà náà wá di èyí:

```
    mov rcx, rax
    mov rsi, apo
yika:
    movzx eax, byte [rsi]
    movzx eax, byte [tabili+rax]
    add r12, rax
    inc rsi
    dec rcx
    jnz yika
    jmp ka
```

Kò sí àárín lẹ́tà mọ́, kò sí ààlà àpò. Mo fẹ́ràn kóòdù yìí gan-an.

Ó tún tú ìdí mìíràn tí kò yé mi tẹ́lẹ̀. Àwọn méjì ló tẹ orúkọ náà, ọ̀kan lórí fóònù, èkejì lórí kọ̀ǹpútà. Ọ́ kan náà lójú, ọ̀nà mẹ́ta ni mo bá a nínú fáìlì: E1 BB 8C CC 81, C3 93 CC A3, àti 4F CC A3 CC 81. Báìtì márùn-ún, mẹ́rin, márùn-ún. Tábìlì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 1. Àmì ìfàyọ tó tẹ̀ kọrọrọ tí fóònù máa ń fi síni láìbèèrè, E2 80 99, gba òdo, àlàfo náà gba òdo.

Mo dán an wò pẹ̀lú àpò báìtì 1, 2, 3, 7, 500, 512, 4096. Iye kan náà ni gbogbo wọn mú wá. Àpò báìtì 1 ni ìdánwò tó le jù tí mo mọ̀ fún ètò tó ń ka fáìlì, nítorí gbogbo ibi ló di ààlà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi í ṣiṣẹ́ ojoojúmọ́: `strace -c` ka read 2,615 fún fáìlì kékeré yìí, ọ̀kan fún báìtì kọ̀ọ̀kan àti ọ̀kan tó mú òdo wá. Àpò 512 pe read ní ìgbà 7, 4096 pè é ní ìgbà 2. Lọ sọ́dọ̀ kernel kí o sì padà, owó wà nínú rẹ̀. Mo fi sílẹ̀ ní 4096.

Iye kan náà tí mo ń sọ yìí, 1,433 ni. Ètò tó ń fò ti sọ 1,438 pẹ̀lú àpò 500, níbi tí kò ti sí lẹ́tà kankan tó gé. Ààrin wọn jẹ́ márùn-ún. N kò rí ìdí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Fáìlì tó wà, tí kò sí

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ẹ̀gbọ́n fi fáìlì tuntun ránṣẹ́ lórí WhatsApp, wọ́n ti tún orúkọ ẹnìkan kọ. Fáìlì náà ń jẹ́ `Orúkọ.txt`. Mo tẹ orúkọ yẹn sórí ìlà àṣẹ, ètò mi kígbe 18446744073709551614. Ìyẹn ni -2 tí a tẹ̀ jáde bí ẹni pé kò lè jẹ́ òdì; mo fi `neg rax` sí ibi tí àṣìṣe ti ń jáde, ó di 2. ENOENT. Mo ṣe `ls`, fáìlì wà níbẹ̀.

Mo ṣe `ls | od -An -tx1`. Lẹ́tà ú ti inú orúkọ fáìlì jẹ́ 75 CC 81. Èyí tí bọ́tìnì mi tẹ̀ jẹ́ C3 BA. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Kernel yà wọ́n, torí pé báìtì ló fi ń wé báìtì, títí dé òdo. Mo tẹ O, mo fi Tab parí i, ó ṣí. Láti ìsinsìnyí lọ, orúkọ fáìlì mi kò ní ní àmì, bó ti lẹ̀ wù kó dùn mí tó.

Arákàlẹ̀, Sátidé

Mo gbé laptop lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Apá tó ń sọ nọ́ńbà di ohun tí a lè kà, pípín sí mẹ́wàá mẹ́wàá lásán ni, kò yẹ ká fi ṣòfò àkókò. Ẹ kàn rántí pé edx gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo kí ẹ tó ṣe `div`.

Mo kọ́kọ́ bèèrè ọ̀rọ̀ gb lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n. Lẹ́tà 25 ni álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, gb sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Mo ti kọ ẹ̀yà kan tó ń rántí sínú r14 bóyá báìtì tó kọjá jẹ́ g, kí ó má baà ka b tó tẹ̀ lé e, kódà bí ààlà àpò bá bọ́ sáàárín wọn.

Ó gbé g kan àti b kan láti inú àpótí, ó kó wọn lé tábìlì. "Lójú olùkọ́, ọ̀kan ni. Lójú ayùn, méjì ni."

Mo yọ r14 kúrò.

Lẹ́yìn náà ó ní ká mú orúkọ márùn-ún, kí òun fi ìka kà á, kí èmi fi ètò kà á. Adébọ́lá, 7 àti 7. Ògúndélé, 8 àti 8. A dé Ọláńrewájú: ó ní 10, ètò mi ní 9. Ó tún un kà, ó ń fi ìka gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ń, ó dúró. "Èyí ńkọ́?"

Lẹ́tà ń ni. C5 84. Ǹ ńlá sì jẹ́ C7 B8, kékeré C7 B9. Mo ti rántí fáwẹ̀lì olóhùn, mo gbàgbé pé n náà ń gbé àmì. Tábìlì mi ka wọ́n sí òdo. Mo ya 29 yẹn sí wẹ́wẹ́ níbẹ̀, lórí àga onípákó, eruku pákó ń bọ́ sórí bọ́tìnì:

```
    db 1                ; C3
    db 0
    db 1                ; C5
    db 0
    db 1                ; C7
    times 25 db 0
    db 1                ; E1
```

Ọláńrewájú di 10. Fáìlì odindi di 1,438. Mo dá àpò padà sí báìtì 1, mo tún un sáré: 1,438. Ẹ̀gbọ́n ní kí n tún un ṣe lójú òun pẹ̀lú 7, mo ṣe é.

Ó wá kọ 1,438 sórí ìwé ìdíyelé, ó fi gègé fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé pákó àkọ́kọ́ wá.